Ilé Tí Wọn Kì Í Ti Í Kúnlẹ̀

"Fò."

Motúnráyọ̀ fò. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló fi balẹ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe. Ilẹ̀ yàrá náà gba ìwúwo rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà sára ògiri.

"Tún un fò."

Ó tún un fò.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan lé lógún rèé."

"Mo mọ nọ́ńbà kà."

Láníhùn wo ògiri. Ilẹ̀ yẹn kì í parọ́. Ó ń wọn bí ènìyàn ṣe ń gbára lé ẹsẹ̀, ó sì ń fi ọ̀tún wé òsì. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ yìí ti lágbára ju ọ̀tún lọ. Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Láníhùn ti ń kọ́ àwọn tí orúnkún wọn ya ní ìrìn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló sì rí irú rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún un.

"Jókòó. Mu omi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ìlú yín ló fi ránṣẹ́ sí ọ."

Motúnráyọ̀ gbé ìgò náà sókè, ó wò ó. Ó kún dé ẹnu. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, òun sì ni Ìpóyè gbójú lé lórí pápá. Góòlù méjì tó jẹ lọ́dún tó kọjá ló gba omi odò lọ́wọ́ Òkè-Àgbàrá fún oṣù mẹ́fà. Nínú eré yẹn kan náà, nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ó yí padà lórí ẹsẹ̀ òsì, orúnkún rẹ̀ sì dún pẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́fà ti kọjá. Ẹ̀rọ ti yí ojú odò padà sọ́dọ̀ Òkè-Àgbàrá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù pín omi, orúnkún àwọn ọmọbìnrin ni àwọn ọba ń béèrè láàárọ̀, kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà ìyàwó wọn.

Ó mu omi náà díẹ̀díẹ̀.

"Mu ún tán jàre." Rẹ̀mílẹ́kún ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń nu ẹ̀rọ ìtẹ̀sẹ̀ ní igun yàrá. "Tó o bá padà délé, ìwọ ni wọ́n á máa pọnmi fún."

Obìnrin ọdún márùndínlógójì ni Rẹ̀mílẹ́kún. Ó ti máa ń fò jìnnà nígbà kan rí, àwòrán rẹ̀ ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níbì kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà gbọnrangandan báyìí. Kò tẹ̀ láti ọdún méjìlá. Tó bá ń rìn, láti ìbàdí ló ti ń yí i ká, bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ bá mi lọ sí Ìpóyè, Àǹtí Rẹ̀mí. N ó wá àga fún yín."

"Àga wo ló gba ẹsẹ̀ yìí? Ọkọ̀ ojú irin gan-an lé mi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní mo dí ọ̀nà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láníhùn kò rẹ́rìn-ín. Òun ló di ẹsẹ̀ náà mú lọ́jọ́ tí wọ́n fi irin tì í.

Lókè ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: ORÚNKÚN KAN, IṢAN KAN. Lábẹ́ rẹ̀ ni: IBÍ KÌ Í ṢE ILÉ ÌKÚNLẸ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà àwọn tó ń padà sórí pápá wà, ó ń tàn tọ̀sán-tòru: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn àlejò máa ń ya àwòrán rẹ̀.

"Méjì tó kù ńkọ́?" Motúnráyọ̀ bi Rẹ̀mílẹ́kún. "Ṣé ẹ̀yin wà níbẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Wọn ò kà mí. Ẹni tí wọ́n bá ti tì kì í ṣe aláìsàn mọ́. Méjì yẹn, àwọn tó kú lábẹ́ ọ̀bẹ ni."

"Kí lẹ tiẹ̀ ṣe?"

"Mo gun máńgòrò. Ó ku oṣù kan kí ẹ̀gbà irin já kúrò lórúnkún mi." Rẹ̀mílẹ́kún fún aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀. "Ká ní mo já bọ́ ni, wọn ì bá dárí jì mí. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń dárí ìṣubú ji ènìyàn. Àmọ́ mo rọra sọ̀ kalẹ̀ ni, bí ọmọlúàbí. Ẹ̀gbà rò fún wọn, ẹlẹ́rìí sì sọ ohun tó rí."

"Máńgòrò náà ńkọ́?"

"Ó kan."

Motúnráyọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ sí imú rẹ̀. Láníhùn ní kó má fi omi ṣòfò.

Ẹ̀gbà tirẹ̀ ń tàn ní orúnkún òsì, àwọ̀ ewé. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò wúwo. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i. Ọjọ́ tí oṣù mẹ́sàn-án bá pé ló máa ń já fúnra rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ògiri sọ̀rọ̀. "Bàbá Láníhùn. Àlejò Motúnráyọ̀ ti dé. Ìyá àgbà rẹ̀ ni."

Ọmọ náà dìde kíákíá. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ àti ààbọ̀ tí kò ti rí ẹbí kankan. Ilé náà kì í jẹ́ kí ẹbí wọlé àfi tó bá ku ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ní ẹbí ló ń ba orúnkún jẹ́.

"Rántí," Láníhùn ní.

"Ọwọ́ láyà. Mo rántí, Bàbá." Ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, ó tẹ orí díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. "Ṣé ẹ rí i? Báyìí ni mo ṣe ń kí Dókítà ní gbogbo ọjọ́."

Wúràọlá, ìyá àgbà náà, wọlé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó kéré, ó dúdú, eruku ojú irin wà lára gèlè rẹ̀. Òun ló tọ́ Motúnráyọ̀ láti ọmọ oṣù mẹ́ta, nígbà tí ìyá ọmọ náà kú. Wọ́n ti fún un ní ìwé òfin lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ká a wẹ́wẹ́, ó sì ń fi nu òógùn ojú.

Motúnráyọ̀ gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ṣe é dáadáa.

Ìyá àgbà dúró. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní. "Àwẹ̀ró ọmọ mi."

Kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ. Ọmọ náà kò rò ó. Orúnkún ló gbọ́ orúkọ náà. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ kí Láníhùn tó la ẹnu, orúnkún méjèèjì, bó ṣe ń ṣe é láti ìgbà tó ti mọ ìrìn.

"Dìde," Láníhùn ní.

Ìyá àgbà ti gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń sunkún."

"Àmín, Màámi."

"Orúnkún rẹ kò ní yẹ̀."

"Àmín."

Ẹ̀gbà náà ti di pupa. Motúnráyọ̀ rí i. Láníhùn rí i pé ó rí i. Ó rí i bí ọmọ náà ṣe fẹ́ dìde, tí kò sì dìde. Ọwọ́ àgbà wà lórí rẹ̀. Kò sí ọmọ Ìpóyè tó ń gbọn ọwọ́ àdúrà dànù.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín Láníhùn àti ọmọ náà. Ó gbé méjì. Lẹ́yìn náà ó dúró, nítorí pé àdúrà kò tíì tán.

"Àwọn tó ń ṣọ́ ọ, wọn kò ní rí ọ mú. Ibi tó o bá tẹ̀, omi ni yóò sun níbẹ̀. Wà á dàgbà, wà á gbó, wà á tọ́, wà á jókòó ti àwọn ọmọ rẹ."

"Àmín," Motúnráyọ̀ ní.

"Àmín," Láníhùn náà ní. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Dìde, ọmọ mi."

Ó dìde. Ẹ̀gbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ilẹ̀kùn méjèèjì tì gbàgà.

"Ó ti tẹ̀ kọjá ààlà," Ògiri ní. "Àádọ́rùn-ún ni ààlà. Àádóje ló dé, pẹ̀lú ìwúwo ara lórí rẹ̀. Ẹlẹ́rìí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Láníhùn nìkan ni òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Wọn kì í gba ẹ̀rí ẹni tí wọ́n ti tì.

"Ó ṣubú," Láníhùn ní.

"A ti gbọ́. Dókítà ń bọ̀ wá bi ẹlẹ́rìí kejì."

Rẹ̀mílẹ́kún dá iṣẹ́ dúró. Motúnráyọ̀ gbé ojú sókè, ó sì tètè gbé e sílẹ̀. Ìyá àgbà ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló ń ké báyìí?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá," Láníhùn ní. Ó wá ọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ògiri kò ní gbọ́. "Ẹ kú ìpayà. Ilẹ̀ ibí máa ń yọ̀. Ẹ̀yin náà rí bó ṣe—"

"Ẹ má bá ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀," Ògiri ní.

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí n rí ojú rẹ̀?" ìyá àgbà bi í. "Ẹ ò ní ilé níbí ni? Ẹ ò ní ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọlé wá sọ̀rọ̀?"

Ilẹ̀kùn kan ṣí.

Dókítà Káṣìmáawò wọlé. Obìnrin ẹni ogójì ọdún lé díẹ̀ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ gé. Òun ni olórí ilé náà. Kò wo Motúnráyọ̀. Kò wo Láníhùn. Ó lọ tààrà bá ìyá arúgbó náà, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, orúnkún méjèèjì, lórí ilẹ̀ líle.

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Ẹ kú oòrùn ojú irin."

Ojú ìyá àgbà rọ̀. "Ẹ kú ilé, ọmọ mi. Ẹ dìde. Ẹ ṣeun o. Èmi ti ń rò pé kò sí ọmọ ènìyàn níbí."

Dókítà kò dìde. "Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, Ìyá. Ẹ má bínú sí Motúnráyọ̀."

"Kí ló ṣe?"

"Pé kò kúnlẹ̀ kí yín. Ọwọ́ àyà ni a ń kọ́ wọn níbí. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó ti gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n."

Láníhùn rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó wú ikọ́. Ìyá àgbà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ta ló gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé?"

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Ìyá."

"Ta ló sọ fún ẹ pé Àwẹ̀ró kò kúnlẹ̀? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́? Kó rí mi lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, kó wá nàró bí òpó?" Ó nàka sí ilẹ̀. "Ibí yìí ló kúnlẹ̀ sí. Ibí yìí. Orúnkún méjèèjì. Mo ṣàdúrà fún un títí, kò mira."

"Wọ́n ní ó ṣubú ni."

"Ṣubú? Ọmọ mi, tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn? Ṣé mo fọ́jú ni? Ẹ bi bàbá yìí. Ó wà níbẹ̀. Ó tiẹ̀ ṣe àmín."

Ẹ̀gbà náà dá igbe dúró.

Dókítà dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ tọ́ ọmọ."

"Ẹ̀yin náà, ẹni tó tọ́ yín ṣe dáadáa," ìyá àgbà ní.

Wọ́n mú un lọ sí yàrá àlejò. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún un àti omi tútù, ìgò ńlá. Ó rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí.

Nínú yàrá àwòrán, Dókítà gbé àwòrán orúnkún Motúnráyọ̀ sí afẹ́fẹ́, ó tóbi tó ènìyàn. Egungun itan lókè, egungun ojúgun nísàlẹ̀, iṣan kan ṣoṣo láàárín wọn tó dì wọ́n mú. Iṣan náà funfun, ó nípọn, kò sí ìlà lára rẹ̀. Ọdún méjì ni irú rẹ̀ fi ń dàgbà nínú omi. Ogójì péré ló ń gbó lọ́dún, fún gbogbo ìlú tó wà létí odò.

Láníhùn wò ó pẹ́.

"Kò ṣe é ní nǹkan kan."

"Rárá."

"Ó tún le sí i."

"Ìkúnlẹ̀ dára fún un," Dókítà ní. "Lẹ́yìn oṣù keje. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀."

Láníhùn yíjú sí i. "Kí ni ìwé ẹnu ọ̀nà wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Bàbá, a ò lè ṣe iṣan ju ogójì lọ. Ẹni tí kò bá lè pa òfin kékeré mọ́ níbí, ó máa ba iṣan wa jẹ́ lórí pápá. A ní láti mọ irú wọn kí a tó kà wọ́n." Ó yí àwòrán náà. Ohùn rẹ̀ kò le, kò rọ̀. "Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé ibí, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà sórí pápá?"

"Ọgọ́ta."

"Ẹ ṣáà rí i."

"Ọgọ́ta yẹn, a ka gbogbo ènìyàn mọ́ ọn."

Dókítà tọ́ka sí iṣan funfun náà. "Iṣan yìí dára ju kí á sọ ọ́ nù lọ. Mo máa yọ ọ́ lónìí kí oòrùn tó wọ̀. Mo máa ki irin bọ ojú ihò rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe."

"Ta ló kàn?"

"Ọmọ Òkè-Àgbàrá kan."

"Ọjọ́ wo ló dé?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

"Àwọn tó ti ń dúró láti ọdún méjì ńkọ́?"

"Ìwọ̀n orúnkún rẹ̀ bá iṣan yìí mu." Ó pa àwòrán náà. "Ẹ tún gbọ́ tiyín. Ẹ parọ́ fún Ògiri. Ó ku oṣù mẹ́ta kí ẹ fẹ̀yìn tì, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan lọ sílé. Mo lè kọ ọ́ pé ojú yín ló ṣì yín, àgbà ti dé. Ẹ kàn fi ọwọ́ ara yín fa orúnkún náà fún mi kí n tó yọ iṣan, kí a mọ agbára rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n fà bíi tiyín."

"Tí mi ò bá fà á ńkọ́?"

"Ọmọ iṣẹ́ á fà á. Á sì dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ẹ rọra o. Tó bá ya, mi ò ní nǹkan tí mo máa yọ, mi ò sì ní ihò tí mo máa fi irin tì. Ẹ mọ òfin. Ẹni tó bá ya á ló máa fi tirẹ̀ dípò."

Yàrá ìfà wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Yàrá yẹn nìkan ni ògiri rẹ̀ kò ní etí. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nítorí igbe.

Motúnráyọ̀ ti wà lórí ibùsùn. Wọ́n ti de itan rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà ti di ojúgun rẹ̀ mú pẹ̀lú awọ fífẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ń nu ilẹ̀ tí kò dọ̀tí.

"Bàbá, ṣé ó ya ni?"

"Kò ya."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ẹ sọ fún wọn—"

"Wọ́n mọ̀."

Láníhùn fa àga, ó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò pẹ́ sọ. Kò fi oyin sí i. Ó sọ ti iṣan, ó sọ ti irin, ó sọ ti ọmọ Òkè-Àgbàrá.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó ń wo òrùlé.

"Màámi mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un."

"Ó dáa."

"Ọmọ Òkè-Àgbàrá wo? Ṣé nọ́ńbà mẹ́sàn-án wọn ni? Ìbídùn?"

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

"Òun ni. Mo gbọ́ pé orúnkún rẹ̀ ya. Mo tiẹ̀ bá a kẹ́dùn." Ó mí sínú. "Iṣan mi lá máa fi du omi mọ́ wa lọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Rẹ̀mílẹ́kún gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Jẹ́ kí Bàbá fà á ya."

"Àǹtí—"

"Gbọ́ mi. Wọn kì í ti orúnkún tí wọn ò bá rí nǹkan yọ níbẹ̀. Èmi mọ bí títì ṣe rí. Mi ò lè jókòó nílé ìyàgbẹ́ bí ènìyàn. Mi ò lè sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ mi, ó sùn tì mí lẹ́ẹ̀kan, kò tún padà. Ká ní ẹnì kan bi mí lọ́jọ́ náà ni." Ó wo Láníhùn nígbà tó sọ ìyẹn. Láníhùn gbà á.

"Ṣé mo ṣì máa gbá bọ́ọ̀lù?" Motúnráyọ̀ bi í.

"Rárá. Èyíkéyìí tó o bá mú."

"Ṣé mo máa sáré?"

"Rárá. Wà á rìn. Á máa yẹ̀ lábẹ́ rẹ nígbà míì, pàápàá tó o bá yí padà lójijì. Wà á gun àtẹ̀gùn tó o bá rí nǹkan dì mú. Wà á jókòó, wà á dìde. Á máa wú lásìkò òjò."

"Ṣé ẹ lè fi oògùn pa á kó má dùn mí?"

"Wọ́n ń ka oògùn. Wọ́n á mọ̀."

Lókè, ìṣísẹ̀ ẹnì kan kọjá.

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún ẹ̀yin?"

"Ìyẹn kò kàn ọ́."

"Wọ́n á ti orúnkún tirẹ̀," Rẹ̀mílẹ́kún ní.

"Bàbá."

"Dá mi lóhùn, ọmọ. Wọn ò ní pẹ́ dé."

Motúnráyọ̀ pa ojú dé. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ó ronú lórí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tí kò gbọ́dọ̀ tàsé. Láníhùn kò kán an lójú. Nínú ara rẹ̀, ó ń dúró kó sọ pé rárá. Tó bá sọ pé rárá, yóò fà á díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á, yóò kọ nọ́ńbà sílẹ̀, yóò sì lọ sílé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì. Ojú tì í pé ó ń dúró de ìyẹn. Síbẹ̀ ó ń dúró dè é.

"Ẹ fà á," ọmọ náà ní.

Láníhùn dìde. Ó fún un ní aṣọ ìnura, ó ní kó gé e jẹ. Rẹ̀mílẹ́kún di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Ẹ̀rọ náà kì í fà kọjá ọgọ́ta. Tó bá dé ibẹ̀, ó máa ń béèrè àtẹ́lẹwọ́ òṣìṣẹ́ kó tó lọ síwájú, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ rí. Láníhùn gbé e dé ọgbọ̀n. Orúnkún náà kò mì. Ó gbé e dé ọgọ́ta. Ó dúró ṣinṣin bí òpó ilé. Iṣẹ́ tó dára ni. Iṣẹ́ ọwọ́ òun náà ni, oṣù mẹ́jọ àti ààbọ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ̀rọ béèrè. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ọgọ́rin. Ọmọ náà ń mí láti imú. Ọgọ́rùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹranko. Ọgọ́rùn-ún lé ogún. Iṣan náà kọ̀. Láníhùn kò tíì rí èyí tó kọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ náà tu aṣọ ìnura jáde lẹ́nu, ó ké pe ìyá àgbà rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá a dúró, ó ní òun kò fẹ́ mọ́.

Láníhùn wo ojú rẹ̀. Ó wo Rẹ̀mílẹ́kún. Ó rántí pé òun kò bá a ṣe àdéhùn ohun tí òun máa ṣe tó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé e sókè sí i.

Ìró rẹ̀ kò tóbi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dá igi tútù sí méjì. Ojúgun náà sún síwájú lábẹ́ awọ, ó lọ jìnnà ju bó ṣe yẹ kí ojúgun lọ. Ẹ̀rọ náà já sí òfo. Ẹ̀gbà náà kò rí iṣan ṣọ́ mọ́, ó ṣí fúnra rẹ̀, ó jábọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Dókítà wọlé, Láníhùn ń di yìnyín mọ́ orúnkún ọmọ náà. Ọmọ náà kò wo ojú rẹ̀. Ó ti yí orí sí ògiri.

Dókítà tẹ orúnkún náà pẹ̀lú àtàǹpàkò méjì. Ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Kò sí nǹkan tó dì í mú.

"Ẹ̀rọ ló ṣìnà?"

"Rárá. Èmi ni."

"Iṣan tó dára jù tí mo ṣe rí nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Dókítà jókòó sórí àga tí Láníhùn fi sílẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ lójú. Lẹ́yìn náà, ó kọ nǹkan sára ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ kúrú.

"Ìpóyè á wá gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la. Kò sí nínú ìwé wa mọ́." Ó gbé ojú sókè. "Bàbá, tiyín ti gbó. Kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. A kàn máa yọ ọ́ dànù ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ì bá ti sọ pé ọmọ iṣẹ́ ló fà á."

"Òun kọ́."

Láníhùn tú ìdè itan ọmọ náà. Ó nawọ́ sí i kó lè dìde. Motúnráyọ̀ wo ọwọ́ náà, kò gbà á. Èjìká Rẹ̀mílẹ́kún ló dì mú. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀, ó yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó tún un gbé kalẹ̀. Àwọn méjèèjì jáde, ẹsẹ̀ kan nà, ẹsẹ̀ kan ń mì. Kò bojú wẹ̀yìn.

Dókítà tẹ agogo kí wọ́n gbé ọ̀bẹ wá.

Ibùsùn náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láníhùn bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sábẹ́ rẹ̀, ó gun orí ibùsùn.

"Ẹsẹ̀ wo?" ó bi í.

"Èyí tó bá wù yín."

Ó ronú díẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè.

"Ọ̀tún," ó ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."